Bẹ́líìtì Pupa Inú Bàálù

Ẹni tó bá mọ Bàbá Onídígí dáadáa kò ní bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ dígí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń de dígí iwájú mọ́ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò, kò sì sí ọ̀kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ dè tó jò nígbà òjò. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ẹni tó já a nírọ́. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló tiẹ̀ kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ dígí wọ ìdílé wọn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n gba bàbá yẹn síṣẹ́ ní pápá bàálù, iṣẹ́ tí wọ́n sì fún un kò ju kó máa nu dígí tó dé orí awakọ̀ bàálù ajagun lọ. Àwọn kan á máa fi rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ni. Èérí bíńtín tó bá lẹ̀ mọ́ dígí yẹn, lójú awakọ̀ tó wà lókè, bàálù ọ̀tá tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ló máa jọ. Bàálù ọ̀tá gan-an náà sì lè máa bọ̀, kí awakọ̀ rò pé èérí lásán ni. Torí náà, òfin kan wà ní pápá ọ̀hún tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rú: ẹni tó bá ba dígí jẹ́, kó sọ kí awakọ̀ tó wọlé.

Ó kúkú ṣẹlẹ̀ sí bàbá àgbà yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ó fi àkísà tó ní iyanrìn nu dígí, iyanrìn sì ha á lára. Kò sẹ́ni tó rí i, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ. Wọ́n fi í sídìí fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún oṣù kan gbáko, àmọ́ awakọ̀ tó ni bàálù wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ìtàn yìí, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Onídígí bí ti gbọ́ ọ débi pé bí wọ́n bá jí i lójú oorun, á sọ ọ́ láìṣì.

Aṣeyín ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nílé àti níta, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe fún àwọn tí eyín wọn ti ká. Ó ti lé ní ogójì ọdún díẹ̀. Láti ìgbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti forí ṣánpọ́n ló ti padà sí yàrá rẹ̀ àtijọ́ nílé àwọn òbí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ọjọ́ tó máa kó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ sí iṣẹ́ kíkéré. Òun náà mọ̀ pé ó fúyẹ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, àwọn ará gáréèjì fún un ní páálí kan. Bàálù ajagun ayé ogun ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń nu dígí rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ike ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì tú u palẹ̀: apá lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀, táyà tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ìwọ tí wọ́n bá fún lo máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, lo sì máa kùn ún lọ́dà títí á fi jọ ti òótọ́. Bàbá dúpẹ́, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ọwọ́ òun ò tíì dilẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọwọ́ ò fi dilẹ̀. Ìgbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ló tó rántí pé òun ní páálí. Ọmọ aráyé!

Ojú òsì ti lọ tipẹ́, àìsàn kan ló bà á jẹ́ láti inú wá, dókítà ojú sì sọ fún wọn pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ọ̀tún ló kù. Ọ̀tún náà ti ń ní nǹkan funfun nínú, ó ń ṣú bí ìkùukùu, ṣùgbọ́n èyí ní àtúnṣe: wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ yọ ohun tó ṣú, wọ́n á fi tuntun sí i. Dókítà fún wọn ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ó kìlọ̀ fún Ìyá àti Aṣeyín pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bó bá le tán, iṣẹ́ á ṣòro, àbájáde rẹ̀ sì lè má dára.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní olójú kan kì í tàkìtì òró. Bí ọ̀bẹ bá wá ṣèèṣì ńkọ́? Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn tirẹ̀ sí i. Ó ti kun bẹ́líìtì pupa sórí àga awakọ̀ inú bàálù oníke yẹn, ìlà kan tí kò nípọn ju òwú lọ, àràárọ̀ ló sì máa ń gbé bàálù náà lọ sójú fèrèsé ilé ìdáná pẹ̀lú ife tíì, tó máa fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó.

"Tí mo bá ṣì ń rí bẹ́líìtì yìí, a jẹ́ pé ojú ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè tún ṣe," ló sọ fún wọn. "Ọjọ́ tí mi ò bá rí i mọ́, ẹ má da ara yín láàmú. Ojú ti lọ nìyẹn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án."

Dókítà ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa sọ fún un? Bí gbogbo ọkùnrin gáréèjì yẹn ṣe rí nìyẹn, ohun tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn dán wò nìkan ni wọ́n gbà gbọ́.

Oṣù mẹ́ta ló fi ń to bàálù náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ka ohun tó wà lára agolo ọ̀dà. Ọjọ́ tó kun ikùn rẹ̀, ó gbé e wá sórí tábìlì pẹ̀lú ìdùnnú, ó ní àwọ̀ ojú ọ̀run nìyẹn, kí àwọn tó wà nílẹ̀ má baà rí i bó bá ń fò kọjá. Aṣeyín wò ó. Àwọ̀ ewé ni, ewé tútù yọ̀yọ̀. Kó tó la ẹnu, Ìyá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ló bá ní ó rẹwà, Bàbá, ó rẹwà gan-an.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Ọjọ́bọ̀ dókítà pé. Gbogbo bàálù ti parí, ó ku dígí orí. Ike tó mọ́ gaara ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, òun ló máa dé orí àga awakọ̀ bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, kò sì rí ojú ìlà tí dígí náà máa jókòó lé. Ó pe Aṣeyín, ó fún un ní gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ ìwé, ó ní ìwọ̀nba kíún ni kó fi sí etí dígí, kó dì í mú jẹ́jẹ́, kó fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ó ní kó má lo gọ́ọ̀mù mìíràn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló lọ rọra sùn.

Aṣeyín pòṣé nínú ara rẹ̀. Òun tó ń to eyín mẹ́rìnlá sójú kan láìsí ẹyọ kan tó wọ́, ni wọ́n ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń lẹ nǹkan? Ó fi gọ́ọ̀mù funfun sí i, dígí yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó nù ún, ó tún fi sí i, ó tún yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Súpà gúlù sì wà nínú báàgì rẹ̀. Níbi iṣẹ́, bí àwòṣe eyín tí wọ́n fi ẹfun pò bá kán, ẹ̀kán kan báyìí, ó ti mú. Ojoojúmọ́ ló ń lò ó, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ṣíbí lọ. Ó kán an ní ẹ̀kán kan, ó fi ẹ̀mú kékeré gbé dígí lé e, dígí jókòó pẹ́ẹ́. Orí rẹ̀ wú. Ó wá fi abọ́ tó ní ọmọrí bo bàálù náà mọ́lẹ̀ pinpin kí eruku má baà bà á, ó lọ fọṣọ.

Ẹni tó mọ̀ nípa bàálù oníke ì bá ti ké gbàjarè. Súpà gúlù máa ń mí bó ṣe ń gbẹ, èémí rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ ike tó mọ́ gaara, á sọ ọ́ di funfun, àgàgà tí wọ́n bá sé e mọ́ ojú kan. Àwòṣe eyín kò kúkú ní dígí tó lè ṣú, torí náà Aṣeyín ò ṣàkíyèsí èyí rí látọdún tó ti ń ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ṣí abọ́. Dígí ti funfun bí dígí balùwẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn fi omi gbígbóná wẹ̀. Ó fi etí aṣọ nù ún, kò lọ, torí inú ló wà. Bẹ́líìtì pupa ò hàn, àga ò hàn, ohunkóhun ò hàn. Ó wo aago, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó gbé bàálù sí àyè rẹ̀, ó ní òun á ṣàlàyé bí òun bá dé nírọ̀lẹ́.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, bàálù ti wà nínú páálí, páálí sì ti padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá kí i, ó bi í bí iṣẹ́ ṣe lọ. Kò mẹ́nu kan bàálù rárá. Aṣeyín rò pé kò tíì wò ó, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó ní ó di ọ̀la. Kó tó lọ sùn, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń fọwọ́ ra ògiri lọ sí balùwẹ̀, tó ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ó rò pé orúnkún ló tún ń dùn ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá pè é, ó di àpò kékeré kan lé e lọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ̀mú rẹ̀, ọ̀bẹ tín-ínrín tó fi ń gé ike, àti awò ńlá yẹn. Ó ní kó máa lò wọ́n níbi iṣẹ́, wọ́n á wúlò fún un. Aṣeyín bi í pé òun náà ńkọ́. Ó ní òun ti ṣe tán. Ohùn tó fi sọ ọ́ ò le, kò sì rọ̀.

Ilé ìdáná ni Ìyá ti wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún un, bó ṣe ń ṣan ife. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá gbé bàálù lọ sójú fèrèsé bó ṣe máa ń ṣe. Ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó. Ó jókòó síbẹ̀ títí tíì fi tutù. Ó wá ní kí Ìyá pe ọsibítù kí wọ́n fi àyè òun fún ẹlòmíràn, bẹ́líìtì ti lọ. Ìyá fúnra rẹ̀ wo bàálù náà, àmọ́ ojú tirẹ̀ náà kì í rí nǹkan ìtòsí bí kò bá lo awò, ó rò pé bí dígí náà ṣe wà nìyẹn.

Aṣeyín gbá tábìlì mú. Ohun tó yẹ kó ṣe kò lé ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí i: kó wọ pálọ̀, kó ní Bàbá, èmi ni. Ó tiẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo àpò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rántí bí Bàbá ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì tì í. Ogójì ọdún ó lé, ojú ń tì í bí ọmọ tó da epo nù. Ìgbà yẹn ni èṣù sọ ọgbọ́n kan sí i létí: bí o bá tún un ṣe, ta ló máa mọ̀?

Ọgbọ́n náà sì dára, ká má parọ́. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kan wà tó máa ń mú ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara gbóná títí á fi rọ̀, á wá fà á mọ́ àwòṣe eyín pinpin. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu kí eyín má baà yẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó gbé bàálù bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nínú ike oúnjẹ. Ó fi ọ̀bẹ tín-ínrín ṣí dígí tó funfun, ó rọ ẹfun pípò sínú rẹ̀, nígbà tó gbẹ, ó ní àwòṣe dígí orí bàálù lọ́wọ́. Ó gbé e sínú ẹ̀rọ láàárín àwòṣe eyín méjì. Ọ̀gá wọn kọjá, ó dúró, ó bi í pé ẹranko wo ló ní irú eyín yẹn. Ó ní ẹranko tó ń fò ni. Ọ̀gá ní kó rí i pé ó bu owó tó dáa lé e, ó sì kọjá lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe é kó tó mọ́ bó ṣe fẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun ló fi lẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ìka dì í mú fún ogún ìṣẹ́jú, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bàálù ti padà sínú páálí, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó rìnrìn àjò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Aṣeyín gbé bàálù àti awò lọ bá Bàbá níbi tó ti ń mu tíì. Ó ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè jẹ́ pé ó rẹ ojú lọ́jọ́ yẹn ni. Bàbá ní kó fi òun sílẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá gbà á torí kó lè dákẹ́, ó gbé e sójú fèrèsé, ó fi awò sójú.

Ife ló kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró. Ó pe Ìyá, ó ní kó wá, kó wá kíá. Ó ní òun rí i! Bẹ́líìtì pupa, láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun rí i bó ṣe wà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú. Aṣeyín ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń dùn, ó ti ń wá báàgì rẹ̀ kó lè máa lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ ò rí nǹkan," Bàbá wí. "Ojú ti ń là fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Ajé mi ò rí nǹkan kan, òní mo rí gbogbo rẹ̀. Kí ni mo tún ń wá lọ sábẹ́ ọ̀bẹ? Ìyàwó mi, o ṣe dáadáa tó o fi àyè yẹn fún ẹlòmíràn."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Aṣeyín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ń tẹsẹ̀ jó díẹ̀díẹ̀ níwájú fèrèsé. Bó bá dákẹ́ báyìí, Bàbá á máa yọ̀ títí ojú á fi le tán. Bó bá sọ̀rọ̀, á já ayọ̀ yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìtìjú. Ó ṣí báàgì. Dígí tó funfun wà níbẹ̀, ó fi bébà ìnuwọ́ wé e. Ó kúnlẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá.

"Bàbá, èmi ni mo ba dígí jẹ́," ó ní. "Súpà gúlù ni mo lò. Kì í ṣe ojú yín ló lọ lọ́jọ́ Ajé, dígí ló ṣú. Kì í ṣe ojú yín ló là lónìí, mo pààrọ̀ dígí ni."

Bàbá fọwọ́ pa á wò yíká etí rẹ̀. Bí ẹni tó fi dígí ṣiṣẹ́ jẹun ṣe máa ṣe nìyẹn. Ó gbé e sójú ọ̀tún, ó kọjú sí fèrèsé.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀." Ó ń ka ìka rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń di ojú mi rìn nínú ilé yìí, mò ń kọ́ bí mo ṣe máa fọ́jú. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni láti bẹ́ẹ̀dì mi dé balùwẹ̀. Méje dé orí àga mi. Mo ti mọ̀ ọ́n. O rí mi tí mò ń ra ògiri, àbí o ò rí mi?"

Ó ní òun rí i. Ó ní òun rò pé orúnkún ni. Ó bú sẹ́kún, kò sì gbìyànjú láti fi í pamọ́. Bàbá ò sọ pé ó tó, kò sì sọ pé dìde. Inú ń bí i, ó sì jẹ́ kó bí òun. Ìyá ló kọ́kọ́ rọra wúkọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìjẹ́wọ́ ló dé, òun náà ò pe ọsibítù. Òun kàn gbé fóònù sétí, òun ń dá sọ̀rọ̀, fóònù ọ̀hún ò tiẹ̀ ní iná lára. Àyè Ọjọ́bọ̀ ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà.

Bàbá wo ibi tí ohùn ìyàwó rẹ̀ ti wá, ó wo ibi tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sí. Ó jókòó. Ó ní kí ẹnì kan bá òun gbé tíì mìíràn ka iná, èyí ti tutù. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé, tó mu ún dé ìdajì, ló tó tún sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún oṣù kan," ló sọ fún Aṣeyín. "Ìwọ náà á fọ ti ilé yìí. Bẹ̀rẹ̀ lónìí." Ó tún mu tíì. "Ọjọ́bọ̀, ṣé aago mẹ́jọ ni wọ́n ní ká dé ibẹ̀?"

Wọ́n dé ibẹ̀ ní aago méje àbọ̀. Iṣẹ́ abẹ náà ò gbà tó wákàtí kan. Wọ́n di ojú rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ka ìṣísẹ̀ mọ́kànlá dé balùwẹ̀ láìfọwọ́ kan ògiri, ó ní ẹ̀kọ́ kì í ṣòfò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì tú ojú náà. Bàbá ò sọ ohun púpọ̀ ní ọsibítù, ohun tó sọ kò ju pé kí wọ́n máa gbé òun lọ sílé lọ.

Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà. Ó gbé bàálù lọ́wọ́, kò béèrè awò. Ó ní bẹ́líìtì náà wọ́, ọwọ́ òun ló gbọ̀n nígbà tí òun ń kùn ún. Ó ní dígí dáa, ẹni tó fà á mọ́ra mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí bàálù náà dojú délẹ̀. Ìyá yára wá ohun tó ń ṣe nídìí ààrò.

"Ta ló kun ikùn bàálù yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," Aṣeyín dáhùn kíá. Ó ti kọ́gbọ́n.

"Àwọ̀ ewé?"

"Àwọ̀ ewé ni. A rí i, a ò sọ."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí Ìyá fi ń pariwo pé dókítà ní kó má ṣe jẹ́ kí omi wọ ojú yẹn. Ó ní àṣé bàálù tí bàbá òun ń nu, inú oko ni òun fẹ́ kó ti lọ jagun. Ó gbé e sílẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ló tún kù tí wọn ò tíì sọ fún òun nínú ilé yìí, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ kó lè dáhùn. Àmọ́ kò dúró gba ìdáhùn. Ó ń wò ó lójú, ó ń wo orí rẹ̀, ẹ̀rín ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan irun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Ìgbà wo lo hu ewú?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta, Bàbá."

"Ìyá mi lo wá jọ," ó ní. "Ìyá mi gẹ́lẹ́. Ìyẹn náà, ẹ ò sọ ọ́."

Aṣeyín fa àga kan wá sídìí fèrèsé, ó jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí bàbá rẹ̀ lè wò ó dáadáa.